Nígbà tí Ògbufọ̀ Inú Ẹ̀rọ Bá Yí Padà

Kí àṣẹ ìjọba Ghana tó lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ọ̀pọ̀ oníṣòwò Yorùbá ni ó ń gbé ní Tamale. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí kò gbọ́ èdè Dagbani, kò lè ṣe aláìní ògbufọ̀. Bí àwọn méjèèjì bá ti mọwọ́ ara wọn, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ tó fún ògbufọ̀ náà. Ọjọ́ tí òmíràn bá gba ipò rẹ̀ ni oníṣòwò yóò tó mọ iye ọ̀rọ̀ tí òun kì í sọ tán.

Irú ọ̀ràn yìí ni ó wà nínú fóònù Android tí wọ́n ń tà ní Tamale lónìí. Linux ni ìpìlẹ̀ ètò tí ó ń darí fóònù náà, èdè C ni a sì fi kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ kò gbọ́ èdè C. Ògbufọ̀ tí a ń pè ní kọ̀ǹpáílà ni í sọ ọ́ di èdè ẹ̀rọ. Láti ọdún 1991 tí Linus Torvalds ti bẹ̀rẹ̀ Linux, GCC, tí Richard Stallman gbé jáde ní 1987, ni ògbufọ̀ rẹ̀. Ní 2017, Google gbé fóònù Pixel 2 jáde pẹ̀lú Linux tí ògbufọ̀ mìíràn, Clang, túmọ̀.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. GCC ní àwọn àṣà ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tí kò sí nínú òfin èdè C, wọ́n sì ti mọ́ àwọn tí ń kọ Linux lára. Àwọn tí ó ṣe Clang kọ̀ láti gba díẹ̀ nínú wọn. Ó di dandan kí a tún ibẹ̀ kọ. Èyí tí ó léwu jù ni pé níbi tí òfin èdè C bá dákẹ́ sí, ògbufọ̀ kọ̀ọ̀kan a máa ṣe bí ó ti tọ́ lójú rẹ̀. Ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ lánàá lè dàrú lónìí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí lẹ́tà kan padà.

Àwọn tí ń ṣe FreeBSD náà rìn ní ọ̀nà yìí. Nígbà tí ìwé àṣẹ ìlò GCC yí padà ní 2007, wọn kò fara mọ́ ọn. Ní oṣù kìíní ọdún 2014, Clang di ògbufọ̀ wọn.

Èrè wà níbẹ̀. Ní 2018, Clang ni Google fi fi ẹ̀ṣọ́ sínú Linux ti Pixel 3, kí olè má baà lè darí iṣẹ́ ẹ̀rọ gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Àṣìṣe tí ògbufọ̀ kan bá sì gbójú fò, èkejì lè rí i. Àwọn àgbà ti wí i: ọ̀nà kan kò wọ ọjà.