Dìgírì Òfin Nìkan Kò Sọ Ọmọ Di Lọ́yà

Ní Ìwó, kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí frídọ́ọ̀mù jẹ́. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ lè ti mọ bí a ṣe ń gé ìró àti bùbá, kó mọ bí a ṣe ń fi ọrùn sí aṣọ, kó tilẹ̀ máa rán aṣọ oníbàárà láìjẹ́ pé ọ̀gá rẹ̀ ń yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Síbẹ̀, kò tíì lè gbé màṣíìnì síta kó ní òun ti ní ṣọ́ọ̀bù. Ó di ọjọ́ frídọ́ọ̀mù, tí ọ̀gá bá pe ẹgbẹ́ télọ̀, tí òbí ọmọ wá, tí wọ́n ka ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ gbogbo èèyàn, tó kúnlẹ̀, tí wọ́n sì fi sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú àdúrà. Bó bá ṣí ṣọ́ọ̀bù ṣáájú ọjọ́ yẹn, ẹgbẹ́ lè wá tì í pa. Kì í ṣe pé kò mọṣẹ́. Àwọn tó niṣẹ́ ni kò tíì jẹ́rìí sí i.

Ojú yẹn ni mo fẹ́ kí òbí tí ọmọ rẹ̀ ń kàwé òfin fi wo ọ̀nà àtidi lọ́yà tí mo fẹ́ sọ yìí, àti ẹni tó ti gba dìgírì mìíràn tí ọkàn rẹ̀ wá ń fà sí iṣẹ́ agbẹjọ́rò.

Lórí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí Baptist College ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ láyé àtijọ́, ni Yunifásítì Bowen wà. Ìjọ Onítẹ̀bọmi Nàìjíríà ló dá a sílẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn ní 2002, wọ́n sì fi orúkọ Thomas Jefferson Bowen sọ ọ́, míṣọ́nnárì tó ṣe ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1858. Òfin wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ọmọ tó bá gba JAMB wọlé máa lo ọdún márùn-ún. Ẹni tó ti ní dìgírì tẹ́lẹ̀, tó bá Direct Entry wọlé, máa lo mẹ́rin. Ìwé tí wọ́n ń gbà jáde ni LL.B.

Ọjọ́ tí ọmọ bá gbà á ni gbogbo ilé ti ń pè é ní lọ́yà, tí àwọn ará àdúgbò ń kí ìyá rẹ̀ ní Ìyá Lọ́yà. Ayọ̀ náà tọ́, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn kò tíì tọ́ sí i. Bó bá wọ kóòtù dúdú lọ dúró níwájú adájọ́ pé òun wá gba ẹjọ́ ẹnìkan rò, òfin tó ń ṣàkóso iṣẹ́ agbẹjọ́rò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ló dá. Law School ṣì ń bẹ níwájú rẹ̀, ẹ̀kọ́ bí ọdún kan lẹ́yìn dìgírì, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń sọ ẹni tó kàwé òfin di ẹni tó lè fi òfin ṣiṣẹ́.

Bí a bá mọ ibi tí Law School ti wá, a ó mọ ìdí tó fi wà. Nígbà tí ìjọba amúnisìn dá Supreme Court sílẹ̀ ní Èkó ní 1876, lọ́yà kò tó, ni wọ́n bá ń gba àwọn tó mọ̀wé díẹ̀, tí wọ́n sì mọ òfin díẹ̀, láàyè láti máa bá èèyàn rojọ́. Christopher Sapara Williams, ẹni tí ìran rẹ̀ wá láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ni ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tó di lọ́yà ní kíkún. Inner Temple, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò ní London, ló pè é sẹ́nu iṣẹ́ ní 1879. Láti ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ di lọ́yà, ọkọ̀ ojú omi ni yóò wọ̀. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ náà gba ọ̀nà yìí, ìtàn tirẹ̀ ni mo sì fẹ́ràn jù fún ẹni tó bá rò pé òun ti pẹ́ jù. Ó ti ṣe akọ̀ròyìn, ó ti ṣòwò kòkó, ó ti fi mọ́tò kó èrò. Ó jókòó nílé ka ìwé títí ó fi gba dìgírì ìmọ̀ okòwò ti Yunifásítì London ní 1944, lọ́dún yẹn kan náà ló sì kọjá sí London lọ kọ́ òfin. Ọmọ ọdún 37 ni nígbà tí Inner Temple pè é ní 1946.

Ìyà tó wà nínú ọ̀nà London yìí ju ti owó ọkọ̀ lọ. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kọ́ wọn. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ní ohun tí mọ́gàjí lè ṣe sí ilẹ̀ ẹbí àti ohun tí kò lè ṣe. Lọ́hùn-ún, ẹni tó ń rojọ́ níwájú adájọ́ yàtọ̀ sí ẹni tó ń jókòó ní ọ́fíìsì kọ ìwé àdéhùn. Níbí, ẹnì kan náà ló ń ṣe méjèèjì. Ìgbìmọ̀ kan tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Unsworth ṣe alága rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò ní 1959, ó sì dámọ̀ràn pé ká máa kọ́ lọ́yà wa nílé. Òfin tó dá Law School sílẹ̀ jáde ní 1962, ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Láti 1997, Bwari lẹ́bàá Àbújá ni olú ilé rẹ̀ wà, ó sì ní ẹ̀ka ní Èkó, Agbani, Bagauda, Yola, Yenagoa àti Port Harcourt. Ọmọ Ìwó lè bá ara rẹ̀ ní èyíkéyìí nínú wọn.

Kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ tí yunifásítì kò kọ́ wọn? Ẹ jẹ́ ká mú ilẹ̀ ẹbí kan ní Ìwó. Ní yunifásítì, ọmọ á kọ́ pé bí àwọn ọmọ ẹbí bá ta ilẹ̀ lẹ́yìn olórí ẹbí, òfo ni títà náà. Pé bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìfi tó àwọn àgbà ẹbí létí, wọ́n lè lọ sí kóòtù kí wọ́n yí i padà. Á kọ ọ́ sínú ìdánwò, á gba máàkì. Ní Law School, wọ́n á ní kó kọ ìwé títa ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Orúkọ ta ni yóò wà níbẹ̀ bí ẹni tó ń tà? Àwọn wo ni yóò fọwọ́ sí i? Ibo ni ààlà dé? Bàbá tó jẹ́ olórí ẹbí kò mọ̀wé, àtàǹpàkò ni yóò tẹ̀: ta ni yóò ka ìwé náà fún un ní Yorùbá, gbólóhùn wo ni a ó sì kọ sísàlẹ̀ láti jẹ́rìí pé ó yé bàbá yékéyéké kó tó tẹ ìka? Ọmọ tó bá gbàgbé gbólóhùn yẹn ti fi oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀ nínú ewu, nítorí lọ́jọ́ tí ìjà bá dé, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ bàbá máa sọ ni pé bàbá àwọn kò mọ ohun tó tẹ̀ka sí. Àṣẹ ìjọba tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 béèrè tún wà, àti ìforúkọsílẹ̀. Lójú tèmi, ibí yìí ni iṣẹ́ lọ́yà ti wúlò jù fún ìlú bíi tiwa, ju gbogbo ariwo tó ń lọ nínú kóòtù lọ.

Márùn-ún ni ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń ṣe: ẹjọ́ láàárín ẹni méjì, ẹjọ́ ọ̀daràn, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ìwé ìhágún, ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́, àti ìwà tó yẹ agbẹjọ́rò. Láàárín ọdún, wọ́n á rán wọn lọ sí kóòtù kí wọ́n wo bí adájọ́ ṣe ń ṣe, wọ́n á tún rán wọn lọ sí ọ́fíìsì lọ́yà. Ìdánwò rẹ̀ le. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, èyí tí ọmọ ti gba máàkì tó kéré jù nínú márààrún ni wọ́n fi ń ṣírò èsì rẹ̀: bó gba A mẹ́rin, tó wá fi agbára káká yege nínú ìkarùn-ún, agbára káká yẹn ni èsì rẹ̀. Ó ti mú ọ̀pọ̀ ọmọ sunkún. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé kò nídìí, torí oníbàárà tó mú ẹjọ́ wá kò mọ èyí tí lọ́yà rẹ̀ ti kùnà.

Ohun tó máa ń ya òbí lẹ́nu jù ni pé ìwé nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò. Dandan ni kí wọ́n jẹ àsè alẹ́ pẹ̀lú àwọn àgbà iṣẹ́, àṣà tó wá láti London. Dandan ni aṣọ dúdú àti funfun. Wọ́n sì ń wádìí ìwà. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ìwó ti mọ ìdájọ́ kí lọ́yà tó débẹ̀. Láyé Olúwòó Momodu Lámúyè, ọba Ìwó tó wàjà ní 1906, àwọn ààfáà ń fi òfin Ṣàríà dájọ́ nílùú, ẹjọ́ ààfin náà sì wà láti ọjọ́ pípẹ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà: a ti mọ ìyẹn kí a tó gbọ́ orúkọ London. Ṣùgbọ́n lójú ọba, ẹnu ara rẹ ni o fi ń rojọ́. Ní kóòtù, àlejò ni yóò bá ọ sọ ọ́. Á gbọ́ àṣírí rẹ, á gba owó rẹ pa mọ́, á sì sọ ohun tí adájọ́ máa gbà pé ìwọ lo sọ ọ́. Ẹni tí a máa gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́, ó yẹ ká mọ irú èèyàn tó jẹ́. Body of Benchers, ìgbìmọ̀ àwọn adájọ́ àgbà àti àgbà lọ́yà, ni yóò pè é ní gbangba, lẹ́yìn ìyẹn ni yóò fi orúkọ sínú ìwé ní Supreme Court. Ọjọ́ yẹn ló di lọ́yà.

Ẹni tó ti ní dìgírì mìíràn máa ń bi mí bóyá LL.M., dìgírì kejì nínú òfin, kò lè gbé òun débẹ̀ kíákíá. Rárá o. LL.M. jẹ́ ìmọ̀ tí a fi kún ìmọ̀. Ẹni tí kò ní dìgírì òfin àkọ́kọ́ tí Council of Legal Education, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso Law School, fọwọ́ sí, Law School kò ní gbà á, bó tilẹ̀ ní LL.M. mẹ́ta. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́ ni wọ́n ń ka òfin, ọdún mẹ́ta, tí wọ́n ń pè ní JD. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ka ìmọ̀ mìíràn lè fi ẹ̀kọ́ bí ọdún kan yí padà sí òfin. Àwọn ọmọ wa ń gba ọ̀nà méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ padà wálé ṣiṣẹ́ kò ní ṣàìgba Law School kọjá. Bí Council bá gba ìwé ẹ̀rí tó mú bọ̀, Bar Part I, ẹ̀kọ́ àwọn tó kàwé òfin lókè òkun, ni yóò kọ́kọ́ ṣe, kó tó bá àwọn yòókù ṣe Part II.

Kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tún ṣọ́ra pẹ̀lú LL.B. tí a ń fi àyè díẹ̀díẹ̀ kà. Council kì í gbà á. Àwọn tó ka òfin ní National Open University jókòó sílé fún ọdún púpọ̀ nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí, ó di ìgbà tí wọ́n tún òfin yunifásítì náà ṣe ní 2018 kí ọ̀nà tó bẹ̀rẹ̀ sí í là. Mo káàánú wọn. Wọ́n kàwé, wọ́n sanwó, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Ní 2023, owó Law School gòkè láti 296,000 náírà sí 476,000, láìka ilé gbígbé, ìwé àti aṣọ dúdú. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ kan máa ń ran ọmọ tiwọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọkàn tán an. Èyí tó tún burú ju owó lọ ni ìdúró. Council ń sọ iye akẹ́kọ̀ọ́ tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan lè fi ránṣẹ́ lọ́dún. Yunifásítì tó bá gbà ju iye yẹn lọ, àwọn ọmọ ni yóò jókòó dè é, pẹ̀lú LL.B. lọ́wọ́, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ti ń wọ wíìgì. Kò yẹ kí a máa gba owó ọdún márùn-ún lọ́wọ́ òbí ká má sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ṣì máa dúró. Kí ẹ tó san owó ìwọlé sí yunifásítì èyíkéyìí, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta kí wọ́n sì fi ìwé dá yín lóhùn: ṣé Council ti fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ òfin yín, mélòó ni ẹ lè fi ránṣẹ́ sí Law School lọ́dún, mélòó ló ṣì ń dúró báyìí.