Ìdin fún Ìdẹ Ẹja
Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni í tutọ́ bí wọ́n bá rí ìdin, ṣùgbọ́n oúnjẹ aládùn ni fún ẹja àrọ̀. Ní àyíká odò ẹran Oko Ọba ní Agége, eṣinṣin kò ṣọ̀wọ́n. Ẹyin tí ó bá yé sára ohun rírà a máa pa láàárín ọjọ́ kan. Ní ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ìdin tó lò.

Ẹ wò ó dáradára: ìhà kan rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, èkejì dàbí ohun tí a gé. Orí ni ṣóńṣó yẹn. Ààmì dúdú méjì tí ó wà ní ìdí kì í ṣe ojú rárá, ihò ìmí ni. Awọ ìdí yìí ni apẹja tí ó wà létí odò Ògùn ní Ìṣẹrì yóò fi ìwọ̀ kékeré gún díẹ̀, kí ìdin má baà kú, kí ó lè máa jà nínú omi. Òru ni àrọ̀ ń jẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni ó fi ń wá oúnjẹ nínú òkùnkùn.

Àwọn tí ń sin àrọ̀ pẹ̀lú ń fi ìdin bọ́ ẹja wọn, nítorí oúnjẹ ẹja ti ọjà wọ́n. Ewu kan wà níbẹ̀. Ìdin tí a bá gbàgbé fún bí ọjọ́ mẹ́wàá ti di eṣinṣin, a sì máa ti orí ẹ̀gbin fò bà lé ọbẹ̀ wa, pẹ̀lú àrùn ìgbẹ́ ọ̀rìn lẹ́sẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń sin ìdin gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilé, kí ó bo agbada rẹ̀, kí ó sì kó wọn tán kí ọ̀sẹ̀ tó pé.