Fífi ọ̀dà elépo ya ìkòkò àti ata: Kí ló dé tó fi jẹ́ ojú ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́, kì í ṣe ọwọ́?

Ìkòkò amọ̀ kan, àlùbọ́sà méjì àti ata díẹ̀ lórí tábìlì. Irú nǹkan báyìí ni ẹni tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀dà elépo yàwòrán sábà máa ń kọ́kọ́ yà. Kò ní wo fọ́tò. Ohun tí ojú rẹ̀ bá rí níwájú rẹ̀ ni yóò yà.

Ó lè dà bí ohun kékeré, àmọ́ láyé ìjọba amúnisìn, àwọn òyìnbó kan gbà pé aláwọ̀ dúdú kò lè ṣe é.

Ta ló fi hàn pé irọ́ ni?

Aina Onabolu, tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún 1882, kọ́ ara rẹ̀ ní àwòrán yíyà kó tó lọ kàwé sí i ní London lọ́dún 1920. Nígbà tó padà dé lọ́dún 1922, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé l'Ékòó bí nǹkan ṣe máa ń kéré sí i lójú bó bá ṣe jìnnà sí.

Lọ́dún 1958, Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn dá ẹgbẹ́ Zaria Art Society sílẹ̀ ní àríwá Nàìjíríà. Wọn kò ju ẹ̀kọ́ òyìnbó nù. Wọ́n fẹ́ kí èyí tó wúlò nínú rẹ̀ dara pọ̀ mọ́ iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ wọn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń gbé nǹkan náà sí, kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ọ̀nà kan wọlé. Nítorí pé oòrùn kì í dúró sójú kan, wákàtí kan náà ló dára kí èèyàn máa yà á lójoojúmọ́.

Lẹ́yìn náà ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò dín ojú rẹ̀ kù. Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ yóò pòórá, ibi tó mọ́lẹ̀ àti ibi tó ṣókùnkùn nìkan ni yóò kù. Ìyẹn ni yóò kọ́kọ́ yà.

Ata pupa kì í pupa bákan náà yíká. Àwọ̀ ìkòkò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ máa ń tàn sí i lára. Bí wọ́n bá fẹ́ kó ṣókùnkùn, ewéko díẹ̀ tí wọ́n pò mọ́ pupa sábà máa ń dára ju dúdú lọ.

Kí ló yẹ kí èèyàn ṣọ́ra fún?

- Ohun tó ń tètè bàjẹ́, bíi tòmátì, ni kí wọ́n kọ́kọ́ yà. Ìkòkò lè dúró.
- Ọ̀dà ìsàlẹ̀ ni kí epo rẹ̀ kéré jù. Bí ti òkè kò bá ní epo tó ti ìsàlẹ̀, àwòrán náà lè sán.
- Ọ̀dà tó nípọn lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó gbẹ. Nígbà ọyẹ́, eruku yóò lẹ̀ mọ́ ọn bí wọn kò bá bò ó.
- Àkísà tó ní epo linseed lára lè gbiná fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá ká a jọ. Inú agolo irin tó ní omi àti ìdérí ló yẹ kó wà.
- Kí fèrèsé wà ní ṣíṣí nítorí òórùn tapẹntáìnì.

Àwòrán àkọ́kọ́ lè má jọ ìkòkò rárá. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí akẹ́kọ̀ọ́ tọ́jú rẹ̀, kó sì tún ìkòkò kan náà yà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Bó bá gbé méjèèjì síra, yóò rí i bóyá ojú rẹ̀ ti ń ríran sí i.