Wíwá ẹ̀yà bíréèkì fún ọkọ̀ àtijọ́ ní Odawna àti àyíká rẹ̀, Accra

Bíréèkì, tí àwọn kan ń pè ní ìjánu ọkọ̀, ni ẹ̀rọ tí ń dín eré ọkọ̀ kù tí ó sì ń dá a dúró. Ẹni tí ó bá ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe yóò rí i pé ẹ̀yà bíréèkì wà lára ohun tí ó ṣòro láti rí, kò sì sí èyí tí àṣìṣe nípa rẹ̀ léwu tó o. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú yóò dúró sójú kan. Èyí tí bíréèkì rẹ̀ kọ̀ kò ní dúró.

Ọjà

Odawna jẹ́ àdúgbò ní Accra, olú-ìlú Gánà, nítòsí ìkóríta Kwame Nkrumah. Odò Odaw ni ó fún un ní orúkọ. Ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ tí ó gbajúmọ̀ jù ní Accra, Abossey Okai, kò jìnnà sí i ní ìhà ìwọ̀-oòrùn. Bí Ládípọ̀ ti jẹ́ ní Èkó ni Abossey Okai jẹ́ níbẹ̀: ọjà tuntun àti tòkunbọ̀ ni wọ́n ń tà. Ẹ̀yà ọkọ̀ tí ó wọ́pọ̀ lójú títì lónìí ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó ní Morris Minor tàbí Peugeot 504 gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó ń wá kí ó tó débẹ̀.

Ìtàn náà dá kún ìṣòro yìí. Títí di ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 1974, apá òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ ní Gánà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó ti wà ṣáájú ìgbà náà ní ọwọ́ ìwakọ̀ ní apá ọ̀tún. Lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ibi tí páípù bíréèkì ń gbà lè yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ tí ọwọ́ ìwakọ̀ rẹ̀ wà ní òsì.

Ìwọ̀n ṣáájú orúkọ

Orúkọ ọkọ̀ àti ọdún rẹ̀ nìkan kò tó láti fi ra ẹ̀yà. Lockheed àti Girling ní Bìrìtéènì, àti ATE ní Jámánì, ṣe bíréèkì fún oríṣiríṣi ilé iṣẹ́ ọkọ̀. Nítorí náà, ọkọ̀ méjì tí orúkọ wọn yàtọ̀ lè lo sìlíńdà kan náà, àwọn tí orúkọ wọn sì bára mu lè lo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bọ́ọ̀tù márùn-ún ni ó ń di táyà Volkswagen Beetle àtijọ́ mú. Mẹ́rin ni ti ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ọdún 1967. Dúrọ́ọ̀mù bíréèkì ọ̀kan kò bá èkejì mu.

Ó yẹ kí olùrà mú ẹ̀yà tí ó ti bàjẹ́ lọ sí ọjà, kí ó sì wọn ihò inú sìlíńdà pẹ̀lú ẹnu páípù. Ẹnu páípù ọkọ̀ Bìrìtéènì lè jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ íǹṣì, ìyẹn bíi mìlímítà 9.5, nígbà tí ti Jámánì tàbí Faransé sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 10. Wọ́n jọra lójú, ṣùgbọ́n bí a bá fi agbára dì wọ́n pọ̀, ọ́ìlì yóò máa jò. Bí sìlíńdà ẹ̀yìn bá tóbi ju bí ó ti yẹ lọ, táyà ẹ̀yìn lè kọ́kọ́ dì gbagidi, kí ọkọ̀ sì yí bírí.

Rọ́bà, ọ́ìlì àti eruku

Ẹ̀yà tí wọn kò lò rí lè ti gbó nínú páálí rẹ̀, nítorí rọ́bà ń le, ó sì ń sán bí ọdún ti ń gorí ọdún. Rọ́bà tuntun ni ó yẹ kí a fi sínú sìlíńdà àtijọ́. Bí ihò rẹ̀ bá sì ti dípẹtà tí ó jinlẹ̀, kí a pa á tì. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kò gbọ́dọ̀ wọ inú bíréèkì, nítorí ó ń mú kí rọ́bà rẹ̀ wú. Ọ́ìlì DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ó tó tó ìwọ̀n gbígbóná 230 °C, ṣùgbọ́n ó ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, agbára yìí sì ń dínkù bí ó ti ń pẹ́.

Níkẹyìn, ọ̀pọ̀ ṣúù bíréèkì àtijọ́ ní asbestos, ohun tí eruku rẹ̀ ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Omi ni kí mẹkáníìkì fi rin eruku náà kí ó tó nù ún; kò gbọ́dọ̀ fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn àtúnṣe, ibi tí ó tẹ́jú tí kò sí ènìyàn ni a ti ń kọ́kọ́ dán bíréèkì wò, pẹ̀lú eré díẹ̀, kí ọkọ̀ tó padà sí ojú títì.