Igbà Á Rọ̀ O: Èdè Iṣẹ́ Akọ̀pẹ àti Agégi nínú Ẹ̀kọ́ Yorùbá

Ìfáàrà

Lára ohun tí a máa ń kọ́ ọmọ nínú àṣà ìkíni ni bí a ṣe ń kí oníṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Bí a bá bá akọ̀pẹ tàbí adẹ́mu lẹ́nu iṣẹ́, a ó ní, 'Igbà á rọ̀ o.' Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama tí ó gbọ́njú sí Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá tàbí Ìgàndò lónìí lè há gbólóhùn yìí sórí láìkọsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ó sọ ìtumọ̀ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó ní àdúrà ni, pé kí ìgbà tu oníṣẹ́ náà lára. A kò lè dá a lẹ́bi, nítorí kò rí igbà rí. Ilẹ̀ Àwórì ni Alímọ̀ṣọ́; oko àti igbó ni ó pọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a ka ènìyàn ní ọdún 2006, àwọn tí ń gbé ibẹ̀ ti lé ní 1,200,000. Ilé ti gba ipò ọ̀pẹ.

Èrò tiwa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìkíni, òwe àti àwàdà àwọn tí ń gun igi àti àwọn tí ń gé e ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe: wọ́n ń dáàbò bo ẹ̀mí. Bí olùkọ́ bá ya ọ̀rọ̀ kúrò lára iṣẹ́ tí ó bí i, èèpo ni yóò máa kọ́ ọmọ, èèpo náà ni olùdánwò yóò sì máa fún ní máàkì.

Igbà àti ìkíni

Igbà ni okùn tí akọ̀pẹ fi ń gun ọ̀pẹ. Ó yí igi ká, ó sì yí ẹ̀yìn akọ̀pẹ ká. Bí akọ̀pẹ bá fẹ́ gòkè, yóò sún mọ́ igi kí igbà lè dẹ̀, yóò sọ ọ́ sókè, yóò sì fẹ̀yìn tì í kí ó le, kí ó tó gbé ẹsẹ̀. Bí ó bá dókè, ìwọ̀n ara rẹ̀ tí ó fi tẹ igbà ni yóò gbé e ró, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì ráyè láti lo àdá tàbí láti gbé agbè ẹmu.

Igbà tí ó gbẹ lè já lójijì. Nítorí náà, 'rọ̀' inú ìkíni yìí ni òdì-kejì 'le' àti 'gbẹ'. Ẹni tí ó kí akọ̀pẹ bẹ́ẹ̀ gbàdúrà fún un, ó sì tún rán an létí kí ó yẹ okùn rẹ̀ wò. A mọ̀ pé 'rọ̀' mìíràn wà tí ó túmọ̀ sí kí a ti òkè sọ̀ kalẹ̀, bí ó ti wà nínú 'Àtẹ̀wọ̀nrọ̀', oríkì Odùduwà. Ṣùgbọ́n akọ̀pẹ ni ó ń sọ̀ kalẹ̀. Igbà ni a ń kí pé kí ó rọ̀. Ìtumọ̀ àkọ́kọ́ ni ó bá gbólóhùn náà mu.

Ohùn ṣe pàtàkì níhìn-ín. Igba ni ènìyàn ń kà, igbá ni a fi ń bu omi, ìgbà ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀, igbà ni ó wà lọ́wọ́ akọ̀pẹ. Bí ìwé ìbéèrè bá tẹ ọ̀rọ̀ yìí láìfi àmì sí i, olùbéèrè ni ó kọ́kọ́ ṣi ọmọ lọ́nà.

Òwe inú iṣẹ́

A máa ń pa á lówe pé gbogbo ohun tí akọ̀pẹ bá rí lókè ọ̀pẹ kọ́ ni ó ń sọ. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ pé ejò tàbí agbọ́n ni ó rí. Ṣùgbọ́n láti òkè ọ̀pẹ, akọ̀pẹ a máa rí ẹ̀yìnkùlé olóko àti balùwẹ̀ tí kò ní òrùlé. Bí ó bá ń tú àṣírí, ta ni yóò jẹ́ kí ó gun ọ̀pẹ òun mọ́? Òfin iṣẹ́ ni òwe náà.

Bákan náà ni ti agégi. 'Ọmọdé gbọ́n igi gé, àgbà ni ó mọ ibi tí yóò wó sí.' Kí agégi tó bẹ̀rẹ̀, yóò wo ibi tí igi fì sí, ibi tí ẹ̀ka rẹ̀ ti wúwo, ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, àti bóyá okùn igbó so orí rẹ̀ mọ́ igi mìíràn. Yóò kọ́kọ́ gé e lẹ́nu sí ìhà ibi tí ó fẹ́ kí ó wó sí, lẹ́yìn náà ni yóò gé e láti ẹ̀yìn. Agbára ọmọdé tó o, ìmọ̀ yìí ni kò ì ní.

'Bí igi bá ré lu igi, ti òkè ni a kọ́kọ́ ń gbé.' Ẹni tí ó bá fa ti ìsàlẹ̀ yọ, ti òkè yóò yí lù ú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ èyí kò ní sọ pé òwe náà ń kọ́ wa láti bọ̀wọ̀ fún ẹni ńlá. Yóò mọ̀ pé ọ̀ràn tí ó dé gbẹ̀yìn tí ó sì ń jó ni lára ni a kọ́kọ́ ń mójú tó.

Àwàdà

Àwàdà ni àwọn olùkọ́ máa ń fi sílẹ̀ bí ohun tí kò ṣe pàtàkì. Ẹ jẹ́ kí a wo irú rẹ̀ kan. Àbúrò tí ó dúró nísàlẹ̀ lè ké sókè pé, 'Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti bá àwọn ẹyẹ pín ilé ni?' Ti òkè lè fèsì pé, 'A ti pín in tán. Owó ilé tìrẹ ni a ń retí.' Ohun méjì ni ó yẹ kí a tọ́ka sí. Èkíní, 'ẹ' kò yí padà sí 'o' bí ẹ̀fẹ̀ ti wù kí ó tó. Ọ̀wọ̀ ń bẹ nínú yẹ̀yẹ́. Èkejì, èsì náà jẹ́ àmì pé ara ẹni tí ó wà lókè dá. Bí èsì bá pẹ́, tàbí tí ohùn bá rẹlẹ̀, ti ìsàlẹ̀ yóò mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó bá sì mọ ọ̀rọ̀ sọ kì í fi jíjábọ́ ṣe ẹ̀fẹ̀ sí ẹni tí ó wà lókè igi. 'Ẹ rọra o' ni yóò sọ.

Ìgúnlẹ̀

Kí ni olùkọ́ Alímọ̀ṣọ́ yóò ṣe nígbà tí kò sí ọ̀pẹ nítòsí? Kí ó mú ohun tí ọmọ mọ̀ lọ bá ohun tí kò mọ̀. Àwọn ọmọ ń rí òṣìṣẹ́ iná mànàmáná tí ó fi bẹ́líìtì gbára lé òpó. Iṣẹ́ igbà ni bẹ́líìtì náà ń ṣe, òun náà sì ń rí ẹ̀yìnkùlé onílé. Wọ́n ń rí pákó lọ́dọ̀ káfíńtà. Kí a sọ fún wọn bí a ti ń so gẹdú pọ̀ lójú ọ̀sà fún ọ̀pọ̀ ọdún títí wọn yóò fi dé Oko Bàbà ní Èbúté Mẹ́ta fún lílà, àti pé 'ìrókò' tí àwọn Yorùbá sọ igi náà ni àwọn oníṣòwò pákó ní Yúróòpù ń pè é títí di òní.

Ní ti olùdánwò, a dábàá pé kí ìbéèrè lórí òwe àti ìkíni máa bèèrè iṣẹ́ tí ó bí wọn, kí máàkì sì wà fún ẹni tí ó bá ṣàlàyé rẹ̀. Àwọn àgbà tí wọ́n gun ọ̀pẹ kí Ìgàndò tó di ìgboro kò ní wà pẹ́ títí. Kí a rán àwọn ọmọ lọ bá wọn, pẹ̀lú ìwé àti gègé, nígbà tí wọ́n ṣì lè dáhùn.