Àyẹ̀wò DNA: Aláìṣẹ̀ ló kọ́kọ́ gbà sílẹ̀

Bí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn bá ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò gbà pé ẹjọ́ ti parí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1986 fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1983, wọ́n fipá bá ọmọbìnrin ọlọ́dún 15 kan lò pọ̀ ní abúlé Narborough, nítòsí ìlú Leicester, wọ́n sì fún un lọ́rùn pa. Ní oṣù keje ọdún 1986, irú ikú bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n fi pa ọmọ ọdún 15 mìíràn ní Enderby, abúlé tó wà nítòsí rẹ̀. Ọlọ́pàá mú ọmọkùnrin ọlọ́dún 17 kan. Ó jẹ́wọ́ ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó ní òun kò mọ nǹkan kan nípa ti àkọ́kọ́.

Ni ọlọ́pàá bá tọ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Alec Jeffreys, lọ ní Yunifásítì Leicester. Òun ló ṣàwárí lọ́dún 1984 pé a lè fi DNA dá ènìyàn mọ̀. DNA ni àmì àbínibí tí olúkúlùkù gbà lára bàbá àti ìyá rẹ̀. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀, itọ́ àti gbòǹgbò irun. Àfi àwọn ìbejì tó jọra bí ìmumu ni tiwọn máa ń bára mu.

Jeffreys fi ẹ̀jẹ̀ ọmọkùnrin náà wé àtọ̀ tí wọ́n rí lára àwọn olóògbé. Ọkùnrin kan náà ló pa àwọn méjèèjì, kì í sì í ṣe ẹni tó jẹ́wọ́. Bí ọmọ náà ṣe bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n nìyẹn.

Lọ́dún 1987, ọlọ́pàá gba ẹ̀jẹ̀ tàbí itọ́ àwọn ọkùnrin bí 5,000 ládùúgbò náà, síbẹ̀ wọn kò rí ọ̀daràn náà. Àṣé Colin Pitchfork, ọkùnrin tó ń ṣe búrẹ́dì, ti bẹ ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pé kó bá òun lọ fún wọn ní ẹ̀jẹ̀. Ilé ọtí ni ẹni náà ti tú àṣírí. Obìnrin kan tó gbọ́ ló lọ sọ fún ọlọ́pàá. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ Pitchfork wò, ó bá a mu. Ní oṣù kìíní ọdún 1988, ilé ẹjọ́ rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n DNA nìkan kọ́ ló bá irọ́ yìí. Obìnrin tó gbọ́ tí kò dákẹ́ náà wà níbẹ̀.