Ṣé Inú Ẹ̀jẹ̀ ni Olódo ti Ń Wá?



Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Ó ń ṣẹlẹ̀ ní agboolé wa gbogbo, pàápàá nígbà tí èsì ìdánwò bá dé. Ọmọ kan mú ìwé èsì rẹ̀ bọ̀ wálé, ó gbẹ̀yìn nínú kíláàsì. Bàbá wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó ní: "Mo ti mọ̀. Bí ará ilé ìyá rẹ̀ ṣe rí nìyẹn, kò sí ọpọlọ níbẹ̀." Ìyá náà dáhùn pé: "Ilé tiyín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, Bàbá Ṣadé." Báyìí ni wọ́n ṣe ń ti ẹ̀bi síra wọn, tí ọmọ náà dúró sí àárín, tí ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti pinnu pé àwọn kò ní náwó lórí rẹ̀ mọ́. Àbúrò rẹ̀ ni yóò máa lọ sí ilé-ìwé; òun yóò lọ kọ́ṣẹ́.

Kò sí ohun tó burú nínú iṣẹ́ ọwọ́. Ohun tó burú ni ìdí tí wọ́n fi rán an lọ: wọ́n gbà pé bí a ṣe dá a nìyẹn, àtúnṣe kò sì sí. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé inú ẹ̀jẹ̀ ni làákàyè ti ń wá, tàbí ẹ̀kọ́ àti ìtọ́jú ló ń mú un wá?

Àwọn àgbà wa ti sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà méjèèjì. Wọ́n ní òwú tí ìyá gbọ̀n ni ọmọ ń ran. Wọ́n sì tún ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ìkínní dúró lẹ́yìn àjogúnbá, ìkejì dúró lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ẹ ó rí i pé kò sí èyí tó parọ́ nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń wọ̀n. Ní ọdún 1905, ní ìlú Paris ní ilẹ̀ Faransé, Alfred Binet àti Théodore Simon ṣe ìdánwò làákàyè kan fún àwọn ọmọdé. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni láti mọ àwọn ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́ wọn, kì í ṣe láti lé ẹnikẹ́ni kúrò. Láti ìgbà náà ni irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ sí i. Wọ́n ń wo ìrántí, ìṣirò, òye ọ̀rọ̀ àti bí ènìyàn ṣe ń tètè rí ìdí ọ̀ràn; wọ́n sì ṣètò rẹ̀ kí máàkì ẹni tó wà ní àárín gbùngbùn jẹ́ 100. Ìdánwò yìí wúlò, ṣùgbọ́n kò wọn gbogbo ọgbọ́n tán. Kò wọn sùúrù, kò wọn ìwà, bẹ́ẹ̀ ni kò wọn ọgbọ́n ọmọ tó mọ ewé, tó mọ igbó, tó sì mọ ọjà ná.

Ó tó ká wá wo àjogúnbá. Nínú ara wa ni àwọn ohun tíńtìntín kan wà tí à ń pè ní jíìnì. Wọ́n dà bí ìlànà tí ara ń tẹ̀lé láti kọ́ ara rẹ̀. Ìdajì wọn ti ọ̀dọ̀ baba wá, ìdajì ti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó ṣe ìgbéyàwó, tí wọ́n ní AA ni yín tàbí AS, jíìnì kan ṣoṣo ni wọ́n wò níbẹ̀. Ti làákàyè kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí jíìnì kan tí a lè pè ní jíìnì ọgbọ́n. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò sì ju ẹyọ iyanrìn kan lọ nínú ẹrù iyanrìn. Ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ni a ń po tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ ìyá kan náà kì í fi í rí bákan náà. Nítorí náà, baba tó ń bú ilé àna rẹ̀ kò mọ ohun tó ń sọ: ìdajì ohun tó ń bú, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló ti wá.

Báwo ni a ṣe mọ̀ pé jíìnì lọ́wọ́ nínú làákàyè rárá? Ìbejì ló kọ́ wa. Lórí ọ̀rọ̀ ìbejì, ilẹ̀ Yorùbá ni gbogbo ayé ń wá wò. Ní Ìgbó-Ọrà, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àwọn dókítà tó ṣe ìwádìí níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1960 síwájú rí i pé nǹkan bí 45 nínú ìbímọ 1,000 ló jẹ́ ìbejì. Èyí ju ti àwọn òyìnbó lọ ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni ìbejì ń gbà wá. Ọ̀pọ̀ jùlọ nínú tiwa, ẹyin méjì ni wọ́n ti wá. Jíìnì wọn kò bára mu ju ti ọmọ ìyá kan náà lọ. Àwọn ìyókù, ẹyin kan ló pín sí méjì. Jíìnì wọn bára mu délẹ̀, àwọn ni a kì í sì í lè dá mọ̀ yàtọ̀. Irú èyí jẹ́ nǹkan bí 4 nínú 1,000 níbi gbogbo láyé.

Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Irú ìbejì méjèèjì ni a ń tọ́ nínú ilé kan náà, tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ kan náà. Bí máàkì àwọn tó ti inú ẹyin kan wá bá súnmọ́ ara wọn ju ti àwọn ẹlẹ́yin méjì lọ, a jẹ́ pé jíìnì lọ́wọ́ sí i. Ohun tí wọ́n sì rí nìyẹn. Ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1979, wọ́n kó àwọn ìbejì ẹlẹ́yin kan jọ tí a ti yà sọ́tọ̀ láti ìkókó, tí olúkúlùkù dàgbà sí ilé ọ̀tọ̀. Síbẹ̀, máàkì wọn jọra púpọ̀. Láti inú irú ìwádìí báyìí ni àwọn onímọ̀ ti sọ pé, láàárín àwọn àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ nínú ìyàtọ̀ máàkì wọn ló bá ìyàtọ̀ jíìnì wọn rìn.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Kì í ṣe pé ìdajì ọpọlọ ọmọ yín ti inú jíìnì wá, tí ìdajì tó kù ti inú ẹ̀kọ́ wá. Bí a bá lu gángan, ta ló lè sọ pé ìdá báyìí nínú dídún rẹ̀ jẹ́ ti ìlù, ìdá báyìí jẹ́ ti kọ̀ǹgọ́? Àwọn méjèèjì ló jọ ń dún. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn ni "ìdajì" yẹn ń sọ, nǹkan náà sì lè yí padà láti ibì kan sí ibòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n fi àgbàdo ṣe àpẹẹrẹ. A bu irúgbìn láti inú apẹ̀rẹ̀ kan. A gbin apá kan sí ẹ̀bá ààtàn, a gbin apá kejì sí ilẹ̀ tó ti ṣá. Ní ẹ̀bá ààtàn, àwọn kan ga ju àwọn kan lọ. Nítorí pé ilẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn wà, irúgbìn ló fa ìyàtọ̀ yẹn. Bákan náà ló rí ní ilẹ̀ tó ṣá. Ṣùgbọ́n bí a bá fi oko kan wé èkejì, ti ààtàn ga fíofío, ti ilẹ̀ tó ṣá kú hẹ́rẹ́hẹ́rẹ́. Ilẹ̀ ló fa ìyẹn. Ẹni tí kò bá bojú wo ilẹ̀, tó ní irúgbìn oko kejì kò dára, ó ti purọ́ mọ́ irúgbìn.

Àwa Ìgbómìnà ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé jù. Ìjọba òyìnbó fa ààlà gba àárín wa kọjá. Ìlá, Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà bọ́ sí Ìwọ̀-Oòrùn. Òmù-Àrán, Àjàṣẹ́-Ìpo àti Ṣàárẹ́ bọ́ sí Àríwá, lábẹ́ Ìlọrin. Ẹ̀jẹ̀ kan, èdè kan, ìgbéyàwó sì so wá pọ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Iye àwọn ọmọ tó wà ní ilé-ìwé fò láti nǹkan bí 457,000 ní ọdún 1954 sí nǹkan bí 811,000 ní ọdún 1955. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà kò rékọjá ààlà. Ọmọ Ọ̀rà wọ ilé-ìwé láìsan owó. Ìbátan rẹ̀ ní òdìkejì ní láti dúró de ìgbà tí baba rẹ̀ bá rí owó ilé-ìwé. Ọdún 1976 ni ìjọba àpapọ̀ tó gbé irú ètò ọ̀fẹ́ náà kalẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà.

Bí ẹnì kan bá dé ní àárín ìgbà yẹn, tó fún ọmọ ìhà méjèèjì ní ìdánwò, tó wá ní orí àwọn ará ibí pé ju ti àwọn ará ọ̀hún lọ, ẹ kò ha ní rẹ́rìn-ín? Inú apẹ̀rẹ̀ kan náà ni irúgbìn ti wá. Lónìí, Òmù-Àrán ní yunifásítì tirẹ̀, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2011. Ẹ̀jẹ̀ wọn kò yí padà. Ilé-ìwé ló dé.

Ilé-ìwé kì í kàn kún ìmọ̀ ìwé lásán. Àwọn onímọ̀ kó ìwádìí jọ ní ọdún 2018 lórí ènìyàn tó lé ní 600,000, wọ́n sì rí i pé ọdún ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ń fi nǹkan bí máàkì 1 sí 5 kún ìdánwò làákàyè. James Flynn pẹ̀lú fi hàn pé ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, máàkì yìí lọ sókè ní nǹkan bí 3 ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá fún ìgbà pípẹ́ ní ọ̀rúndún tó kọjá. Jíìnì kò lè yára yí padà tó bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ, ìlera àti ẹ̀kọ́ ló yí padà.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tó ń jí làákàyè ọmọ gbé kó tó mọ ìwé kà. Ẹ̀yin tí ẹ rántí gẹ̀gẹ̀ lọ́rùn àwọn àgbà, àìtó áyódíìnì nínú oúnjẹ ló sábà máa ń fà á. Bí aláboyún kò bá rí i tó, ọpọlọ oyún inú rẹ̀ kì í dàgbà dáadáa. Nítorí náà ni ìjọba ṣe pàṣẹ ní ọdún 1993 pé kí a máa fi áyódíìnì sínú iyọ̀. Ebi ní ọdún méjì àkọ́kọ́, ibà tó gun orí, àti òjé tó wọ inú ẹ̀jẹ̀, olè ni gbogbo wọn.

Èdè náà wà níbẹ̀. Láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára iṣẹ́ wọn. Àwọn ọmọ yìí ṣe dáadáa ju àwọn tí a yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta lọ, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Mélòó nínú àwọn tí à ń pè ní olódo ni kò gbọ́ èdè tí olùkọ́ ń sọ?

Ẹ má sì ṣe rò pé ohun tí a bá jogún kò ní àtúnṣe. Ojú tí kì í rí ọ̀nà jíjìn máa ń wà nínú ìdílé láti baba dé ọmọ. Síbẹ̀ awò ojú ń yanjú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó yọ ọmọ kúrò ní ilé-ìwé, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́rin. Ṣé ó ń rí ohun tí a kọ sójú pátákó? Ṣé ó ń gbọ́ran dáadáa? Ṣé ó ń jẹun kó tó jáde nílé? Ṣé èdè tí a fi ń kọ́ ọ yé e? Bí ẹ bá ti dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ lọ rí olùkọ́ rẹ̀. Ọmọ kan yóò yá ju èkejì lọ, òótọ́ ni. A kò dá gbogbo wa bákan náà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè mọ ibi tí irúgbìn kan lè ga dé nígbà tí kò tíì fún un ní ilẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, èyí tó kù jẹ́ tiyín. Òdo jẹ́ ohun tí a kọ sínú ìwé lọ́jọ́ kan. A kò kọ ọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ tún iṣẹ́ náà ṣe, kí ẹ sì béèrè ohun tí kò bá yé yín.